Bí Olórí Orin Bá Lọ, Kí Ni Ẹgbẹ́ Rẹ̀ Yóò Kọ?

Àwọn àgbà a máa wí pé iná kú, ó fi eérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Nígbà tí olórin ńlá kan bá kú ní ilẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ yìí ni a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ó wá bá ẹbí kẹ́dùn, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Kò parí. Ènìyàn mẹ́wàá tàbí ogún ṣì jókòó sí ẹ̀yìn ilé olóògbé náà pẹ̀lú ìlù wọn, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wọn àti fèrè wọn, tí wọn kò mọ̀ bóyá iṣẹ́ ti tán tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ǹjẹ́ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè ṣẹ̀dá orin tuntun, àbí orin òkú ni yóò máa tún kọ títí?

Àwọn kan wà tí wọ́n gbà pé kò ṣeé ṣe rárá. Ọdún 1980 fún wọn ní ẹ̀rí. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà ni wọ́n pa Àyìnlá Ọmọwúrà, gbajúmọ̀ olórin àpàlà, ní Abẹ́òkúta, etí wa kò sì tíì gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní oṣù kẹsàn-án, John Bonham tí ń lùlù fún ẹgbẹ́ Led Zeppelin ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kú, kí ọdún náà sì tó parí, àwọn mẹ́ta tí ó kù kéde pé àwọn kò ní bá a lọ mọ́. Ṣùgbọ́n ọdún kan náà ni ó tún takò wọ́n. Bon Scott, akọrin ẹgbẹ́ AC/DC ti Australia, kú ní oṣù kejì. Nígbà tí ó fi máa di oṣù keje, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti wá akọrin mìíràn, wọ́n sì ti gbé Back in Black jáde, èyí tí ó wà lára àwọn àwo tí ó tà jù lọ ní gbogbo ayé.

Kò tilẹ̀ yẹ kí á fi ilé sílẹ̀ kí á máa wá ẹ̀rí lókèèrè. Ẹ jẹ́ kí á wo ẹgbẹ́ Fẹlá Aníkúlápó Kútì, ọmọ Abẹ́òkúta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1997, tí Fẹlá kú, ni ẹgbẹ́ náà kọ́kọ́ mọ bí àdánù ti rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fẹlá fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ pàdánù. Tony Allen, tí ó ti ń bá a lùlù láti ìgbà Koola Lobitos ní nǹkan bí ọdún 1964, ni ó dá ìlù tí gbogbo Afrobeat dúró lé lórí sílẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ Africa 70 ṣeré ní Berlin ní ọdún 1978, ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ọ̀gá wọn sílẹ̀, Tony Allen náà sì lọ. Ọ̀rọ̀ owó wà nínú ohun tí ó fà á. Fẹlá kò wá Tony Allen mìíràn, nítorí kò sí. Ó dá ẹgbẹ́ tí ó pè ní Egypt 80 sílẹ̀, ó sì yí orin padà láti bá àwọn tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mu: orin náà falẹ̀ díẹ̀, ó nípọn sí i, orin kan ṣoṣo sì lè gba ojú méjèèjì àwo. Nínú ẹgbẹ́ tí ó ti ṣòfò yìí ni Teacher Don't Teach Me Nonsense ti jáde ní 1986, àti Beasts of No Nation ní 1989. Ẹni tí ó bá pe ìwọ̀nyí ní àjẹkù, kò tíì jókòó gbọ́ wọn.

Ìdánwò kejì dé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1984, nígbà tí ìjọba ológun mú Fẹlá ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Èkó bí ó ti ń lọ sí Amẹ́ríkà. Oṣù kẹrin ọdún 1986 ni ó tó jáde lẹ́wọ̀n. Fẹ́mi ọmọ rẹ̀ ni ó kó ẹgbẹ́ náà ṣeré, orin kò sì dákẹ́. Ní òkèèrè ẹ̀wẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí ó fẹ́ ta àwo Army Arrangement gbé e fún Bill Laswell pé kí ó tún un ṣe. Ó yọ iṣẹ́ àwọn kan nínú ẹgbẹ́ kúrò, ó fi ìlù Sly Dunbar ará Jàmáíkà àti dùùrù Bernie Worrell ará Amẹ́ríkà dípò, a sì tà á ní ọdún 1985 nígbà tí ẹni tí ó ni orin ṣì wà nínú ẹ̀wọ̀n. Inú Fẹlá kò dùn sí i rárá. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kì í ṣe aláìmọ̀ṣẹ́. Ògbóǹtagí ni wọ́n. Ohun tí wọn kò ní ni pé wọn kò bá a ṣe àìsùn ní Shrine rí.

Nígbà tí ikú wá dé, Ṣeun, ọmọ ọdún 14, ni ó bọ́ sí iwájú. Ọmọdé ni. Ohun tí ó gbà á ni pé àwọn àgbà kò tú ká. Lekan Animashaun, afunfèrè tí a ń pè ní Baba Ani, tí ó ti wà lọ́dọ̀ Fẹlá láti 1965, kò fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ọdún mọ́kànlá kọjá kí Many Things, àwo kíkún àkọ́kọ́ tí Ṣeun bá wọn ṣe, tó jáde ní 2008. Òmíràn tẹ̀lé e ní 2011, nígbà tí ó sì di 2018, Black Times wà lára àwọn tí a yàn láti du ẹ̀bùn Grammy. Àwọn tí ó ń bínú pé kí Egypt 80 máa kọ orin Fẹlá nìkan gbàgbé ìwà Fẹlá. Òun fúnra rẹ̀ kì í fẹ́ tún orin tí ó ti wọ inú àwo kọ lórí ìtàgé. Èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hun lọ́wọ́ ni ó ń gbé fún èrò.

A mọ̀ pé àwọn òǹkàwé wa tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú yóò ti máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n mọ ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ pé láti ìgbà tí olórí rẹ̀ ti kú, fìlà rẹ̀ ni wọ́n ń dé, awò ojú rẹ̀ ni wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n tí wọn kò fi ìlànà tuntun kan kún èyí tí ó fi sílẹ̀. A kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin olùkọ́ náà mọ ọ̀rọ̀ yìí dáradára: bí a bá ṣí olùkọ́ tí ń darí ẹgbẹ́ akọrin nípò lọ sí ìlú mìíràn, orin mẹ́ta tí ó fi sílẹ̀ ni àwọn ọmọ yóò máa kọ títí sáà yóò fi parí, àfi bí ó bá ti fi sùúrù kọ́ wọn ní dò-rè-mí.

Èrò tiwa ni pé kì í ṣe ikú ni ó ń pa ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ olórin wa, bí kò ṣe bí a ti kọ́ wọn láti ìpìlẹ̀. Orúkọ ẹnì kan ni orúkọ ẹgbẹ́. Òun ni ó ni gìtá, òun ni ó ni ẹ̀rọ agbóhùnsókè, òun ni ó ni ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí ó bá kú, ogún ni gbogbo rẹ̀ dà, àwọn ọmọ olóògbé yóò pín in, onílù tí ó ti lo ogún ọdún níbẹ̀ yóò sì kó ọ̀pá ìlù rẹ̀ sábẹ́ abíyá lọ sílé. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bá ní ẹ̀bùn, bíi Músílíù ọmọ Hárúnà Ìṣọ̀lá tí ó gbé àpàlà bàbá rẹ̀ dé etí àwọn ọ̀dọ́, a dúpẹ́. Bí kò bá sí, ó tán nìyẹn. Ta ni yóò kọ orin tuntun láàárín irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, tí kò ní ohun èlò, tí a kò jẹ́ kí ó lé orin kan rí lójú ayé ọ̀gá rẹ̀?

Tony Allen kú ní Paris ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹrin ọdún 2020, lẹ́yìn tí ó ti fi orúkọ ara rẹ̀ gbé ọ̀pọ̀ àwo jáde. Àwọn onílù àgbà ṣì wà ní ìlú wa tí orúkọ wọn kò sí lára páálí àwo kankan. Kí àwọn ọ̀gá wọn kọ orúkọ náà sí èyí tí ń bọ̀, kí wọ́n kọ iye tí ó tọ́ sí wọn sínú ìwé, kí wọ́n sì fún igbákejì ní orin kan ṣoṣo láti lé ní òde àríyá ọjọ́ Sátidé yìí, nígbà tí ọ̀gá ṣì wà níjòókòó tí ó ń gbọ́.