Òkúta Tó Ti Ayé Mìíràn Bọ́ Sóko Àgbàdo

Lọ́jà Òkìtìpupa lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan tó ń ta púpurú pè mí, ó ní: "Ìwọ ọmọ oníwèé-ìròyìn yìí, wọ́n ní òyìnbó mọ ohun tó wà nínú ikùn ayé. Ta ló wọ ibẹ̀ lọ?"

Mo ní, ìyá, kò sẹ́ni tó wọ ibẹ̀. Òkúta ni wọ́n ń bi léèrè. Ọ̀kan tilẹ̀ já bọ́ ní Nàìjíríà wa níbí. Ní October 3, 1962, àgbẹ̀ kan ń lé ẹyẹ nínú oko àgbàdo rẹ̀ ní Zagami, lápá Katsina, àfi gbàmù! Òkúta tó wúwo tó kìlógíráàmù 18 wọlẹ̀ ṣin, kò ju bí ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ sí ibi tó dúró. Orí ló yọ ọ́!

Àwọn onímọ̀ rí afẹ́fẹ́ tó há sínú òkúta náà. Ó bá afẹ́fẹ́ Mars mu, èyí tí ẹ̀rọ Amẹ́ríkà ti wò lóhùn-ún ní 1976. Mars ni ìràwọ̀ pupa tí à ń rí lálẹ́, ayé olókùúta bíi tiwa ni. Nínú ikùn rẹ̀ ni òkúta yìí ti yọ́ kó tó tú jáde, tó sì dì.

Ẹ̀yin tó ń fún epo, ẹ mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá ń sè é, epo á léfòó, omi òun ìdọ̀tí á wà nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Nígbà tí ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá, bí ọdún bílíọ̀nù 4.5 sẹ́yìn, ooru yọ́ ọ. Irin wúwo, ó rì. Òkúta fúyẹ́, ó léfòó. Láti Òkìtìpupa dé ibi irin náà, kìlómítà 2,900 la ó gbẹ́!

Mars kéré sí tiwa, púpurú kékeré ló sì ń tètè tutù. Síbẹ̀, ẹ̀rọ InSight tó gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 2018 tẹ́tí sí ìmìtìtì ilẹ̀ rẹ̀, ó fi hàn pé irin yíyọ́ ṣì wà nínú rẹ̀.

Èyí tó dùn mí ni pé ní 1988, èyí tó tóbi jù nínú òkúta Zagami bọ́ sọ́wọ́ oníṣòwò Amẹ́ríkà kan. Gíráàmù gíráàmù ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n tà bíi wúrà. Nítorí náà, bí òkúta àjèjì bá bọ́ sóko yín n'Íkálẹ̀, ẹ má fi ṣe ààrò o! Ẹ gbé e lọ bá àwọn olùkọ́ Yunifásítì Olúṣẹ́gun Àgágù tó wà nílùú wa níbí, kí wọ́n kọ orúkọ yín sílẹ̀.

Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó fi púpurú kan lé mi lọ́wọ́, kò gbowó. Gbígbóná ni. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.