Arúgbó Tí Ń Ṣarán, Kí Ní Ń Ṣe É?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ìyá kan tí ń ta aṣọ òkè ká mi mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Ó ní, “Tíṣà, ẹ gbà mí. Ìyá mi á jẹun tán, á tún ní ebi ni mo fi ń pa òun. Lánàá, orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú ló fi pè mí. Àwọn ará ilé ní àjẹ́ ló fẹ́ jẹ́wọ́.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí èmi náà jẹ̀bi. Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, bí ìyá ìyá mi bá bi mí ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀kẹrin, ńṣe ni mo ń jágbe mọ́ ọn. Ó kú kí n tó mọ̀ pé àìsàn ni.

Dókítà Alois Alzheimer, ará Jámánì, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé àìsàn yìí ní 1906. Obìnrin tó tọ́jú, Auguste Deter, kò tilẹ̀ tíì di arúgbó: ẹni ọdún 51 ni nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn ní Frankfurt ní 1901. Nígbà tó kú, dókítà fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ọpọlọ rẹ̀, ó sì rí ìdọ̀tí tó dì láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, àti ohun bí òwú tó lọ́ pọ̀ nínú wọn.

Gáàsì kan wà tí wọ́n ń pè ní náítíríìkì ọ́kísáìdì. Ara wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, kì í sì í ṣe ohun burúkú. Òun ló ń sọ fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pé kó ṣí. Ará Amẹ́ríkà mẹ́ta gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1998. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn. (Ọmọ kíláàsì mi tí ń kọ́ ìṣirò ní àkọ́sórí ń lò ó láìmọ̀.) Àpọ̀jù rẹ̀ ni wàhálà. Ọpọlọ ní àwọn sẹ́ẹ̀lì tó dà bí ọdẹ tí ń ṣọ́ ọjà lóru. Bí wọ́n bá rí ìdọ̀tí yẹn, olè ni wọ́n kà á sí, wọn a sì máa tú gáàsì yìí jáde bí ẹni yìnbọn. Olè kò lọ, ọdẹ kò sinmi, ọta ibọn wá ń ba ìsọ̀ onísọ̀. Gáàsì náà á pàdé superoxide, irú ọ́síjìn kan tí kì í gbé jẹ́ẹ́, àwọn méjèèjì á sì di peroxynitrite. Èyí a máa ba ọ̀rá ara sẹ́ẹ̀lì jẹ́, a ba purotéènì rẹ̀ jẹ́. Àwọn onímọ̀ ti rí àpá rẹ̀ nínú ọpọlọ àwọn tí àìsàn yìí pa. Ẹ má sọ pé gáàsì nìkan ló fa gbogbo rẹ̀ o. Ó kàn wà lára àwọn tí ń koná mọ́ ọn ni.

Ẹ má sì sọ pé àìsàn òyìnbó ni. Ní 1992, àwọn dókítà Ìbàdàn àti ti Indianapolis bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ẹni ọdún 65 sókè, ní àdúgbò Ìdíkàn níhìn-ín, àti láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún. Èsì 2001 fi hàn pé bí ẹni 115 nínú 10,000 ni àìsàn yìí ń mú lọ́dún kan ní Ìbàdàn. 252 ni lọ́hùn-ún. Tiwa kéré, ṣùgbọ́n ta ni yóò pe ẹni 115 ní àjẹ́?

Mo sọ fún ìyá aláṣọ pé kó gbé ìyá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kò tíì sí oògùn tí ń wo Alzheimer sàn, ṣùgbọ́n ìgbàgbé mìíràn wà tó ní oògùn, dókítà ló sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ kí wọn nílé. Ìyá àgbà wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó pè mí ní Àlàó. N kì í ṣe Àlàó. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Ẹ kú ilé, mà.”