Náírà Tó Wálẹ̀ Kì í Ṣe Oore fún Aláró

Sí Olóòtú,

Ẹni tí ó kọ̀wé sí yín láìpẹ́ yìí, tí ó ní oore ńlá ni wíwálẹ̀ náírà jẹ́ fún àwa aládìrẹ, nítorí pé dọ́là díẹ̀ lọ́wọ́ àlejò ti tó ra ẹrù aṣọ lọ́jà Ìtòkú, nílùú Abẹ́òkúta wa, kò purọ́ tán. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìdí àtẹ ló dúró sí, kò dé ìdí ìkòkò aró.

Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023, pé kí ọjà fúnra rẹ̀ máa sọ iye tí yóò jẹ́, dọ́là kan kò tíì tó 500 náírà lójú ìjọba. Kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Ìbá ṣe wá lóore lóòótọ́, ká ní ilẹ̀ wa ni ohun tí a fi ń ṣiṣẹ́ ti ń jáde. Kí ló tún kù tó jẹ́ tiwa nínú rẹ̀, yàtọ̀ sí omi, igi ìdáná àti ẹ̀kọ tí a fi ń ya ọnà sára aṣọ? Téérù funfun tí a ń pa láró, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e wá. Kọ́sítíìkì àti háídírò tí a ń pò mọ́ aró, àti aró ìyẹ̀fun fúnra rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi náà ni. Ìyá aláró kan ládùúgbò wa, tí ó máa ń ra kọ́sítíìkì ní àpò-àpò, agolo mílíìkì ló fi ń rà á báyìí, ó sì ń rẹ aṣọ sínú aró tí ó ti ṣá, tí oníbàárà fi ń yẹ̀ ẹ́ wò lójú oòrùn tí ó ń sọ pé aṣọ yìí kò gbaró.

Ọ̀rọ̀ gbígbára lé ohun òkèèrè yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1936, ọba wa, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá, fòfin de kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó, nítorí ìráhùn pé aṣọ wa ń tètè já. Àwọn ìyá wa kò gbà, wọ́n bá a fà á títí ìjọba amúnisìn fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde. Èmi kò dá wọn lẹ́bi, ẹni tí ó bá ti gún ewé èlú ṣe aró rí yóò mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ìkòkò wa ti ń wo ojú èbúté.

Ẹni tí ó kọ̀wé náà tún ní ọ̀wọ́n dọ́là yóò lé àdìrẹ ẹ̀rọ àwọn ará Ṣáínà lọ. Kò lé e lọ, nítorí dọ́là tí ó gbówó lé tiwọn náà ló gbówó lé tiwa, ẹ̀rọ sì yára ju ọwọ́ lọ. Ìjọba Gómìnà ìpínlẹ̀ wa, Dàpọ̀ Abíọ́dún, ti kéde òfin tó de ayédèrú àdìrẹ. Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ òfin kò lè sọ téérù di ọ̀pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó lè yáwó ṣe aró, nígbà tí èlé Báńkì Àpapọ̀ fúnra rẹ̀ gun ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù kọkànlá ọdún 2024, tí ọ̀wọ́ngógó ọjà sì jẹ́ ìdá 34.80 lóṣù tó tẹ̀lé e.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ìjọba ni pé kí wọ́n wá bí òwú ilẹ̀ wa yóò ṣe tún di téérù nílé iṣẹ́ ìhunṣọ, irú èyí tí UNTL jẹ́ ní Kàdúnà kí ó tó ti ilẹ̀kùn lọ́dún 2007. Ní ti ẹni tí ó kọ̀wé, kí ó jọ̀wọ́ yà sí Ìtòkú lọ́jọ́ ọjà, kí ó béèrè iye tí agolo kọ́sítíìkì ń lọ, kí ó tó tún kí wa kú oríire.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ aláró kan,
Ìgbẹ̀ìn, Abẹ́òkúta.