Ọdẹ Gẹ́gẹ́ bí Amọ̀nà

Iṣẹ́ ọdẹ kò mọ sí orí ìbọn yínyìn. Ọdẹ Ìgbómìnà tí ó mọ ipasẹ̀ ẹtu lè fi ẹranko igbó Ìlá-Ọ̀ràngún han àlejò láìpa ọ̀kan nínú wọn. Ní igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá aráyé ní ọdún 2005, èèwọ̀ ni ọdẹ ṣíṣe. Ìdí nìyí tí àlejò fi ń rí ọ̀bọ níbẹ̀ dòní. Ẹran tí a pa, ẹ̀ẹ̀kan ni a ó jẹ ẹ́. Èyí tí a dá sí, ọmọ-ọmọ wa yóò rí i. Ṣùgbọ́n ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́: kí ìlú kọ́kọ́ san owó amọ̀nà fún ọdẹ, kí ó tó ní kí ó gbé ìbọn kọ́.