Ìròyìn Ayọ̀ Tí Kì Í Ṣe Òtítọ́: Gbèsè Tí Ilé Ẹ̀kọ́ Jẹ Òbí Lọ́jọ́ Ewu

Àwọn àgbà Yorùbá a máa sọ pé ó sàn kí ọmọ ẹni kú ju kí ó sọnù lọ. Ọ̀rọ̀ náà le létí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti wá ọmọ tì rí mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Òbí tí ọmọ rẹ̀ kú yóò sunkún, yóò rí ẹni bá a kẹ́dùn, bí ó bá sì pẹ́, yóò gba kámú. Òbí tí kò mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà kò lè sunkún, kò lè jẹun, kò lè sùn. Gbogbo ẹsẹ̀ tí ó bá dún lẹ́nu ọ̀nà ni yóò máa rò pé ọmọ náà ni ó ń bọ̀. Àìmọ̀ gan-an ni ìyà náà. Nítorí náà, ilé ẹ̀kọ́ tí ewu bá dé bá, tí kò sì tètè sọ òtítọ́ fún àwọn òbí, ti gbé ìyà kejì ka orí ti àkọ́kọ́.

Ìlú Chibok ní ìpínlẹ̀ Borno ni èyí ti kọ́kọ́ hàn sí gbogbo ayé. Ní alẹ́ ọjọ́ 14, oṣù Kẹrin, ọdún 2014, àwọn Boko Haram ya wọ ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn obìnrin tí ó wà níbẹ̀, wọ́n sì kó ọmọbìnrin 276 lọ. Nígbà tí ó di ọjọ́ 16, iléeṣẹ́ ológun kéde pé àwọn ti gba èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn sílẹ̀, pé ọmọ 8 péré ni ó kù. Ìròyìn ayọ̀ náà tàn kálẹ̀. Ní Chibok, àwọn òbí wo ọ̀nà títí, wọn kò rí ọmọ kankan. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, tí í ṣe obìnrin, ni ó jáde ní gbangba tí ó ní ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀, pé àwọn ọmọ náà kò tíì padà. Ní ọjọ́ 17, iléeṣẹ́ ológun kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí àwọn ènìyàn kì í sábà mẹ́nu bà. Kì í ṣe ẹni tí ó ní ìbọn ni ó ní òtítọ́ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹni tí ó wà ní Àbújá. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni. Kò mọ inú igbó tí wọ́n kó àwọn ọmọ náà lọ, kò sì ní agbára láti gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n ó mọ ọmọ tí ó ti padà, ó sì mọ èyí tí kò tíì padà. Ìmọ̀ kékeré yẹn ni àwọn òbí nílò, òun náà sì ni ìkéde ńlá ìjọba kò ní.

Ó yẹ kí Chibok kọ́ àwọn aláṣẹ lọ́gbọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 19, oṣù Kejì, ọdún 2018, wọ́n tún kó ọmọbìnrin 110 lọ ní Dapchi, ìpínlẹ̀ Yobe. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde pé a ti rí díẹ̀ nínú wọn gbà sílẹ̀. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lọ́jọ́ kejì, ìjọba yìí kan náà ní kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tọrọ àforíjì. Ọdún mẹ́rin péré ni ó wà láàárín àṣìṣe kìíní àti èkejì, ọ̀nà kan náà sì ni àwọn méjèèjì gbà wáyé: ẹni tí kò ka orí àwọn ọmọ ni ó ń kéde iye wọn.

Àìsàn yìí kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan. Ní ọjọ́ 24, oṣù Karùn-ún, ọdún 2022, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ìbọn wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Robb ní ìlú Uvalde, ìpínlẹ̀ Texas, ní Amẹ́ríkà. Àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ agbègbè náà kọ ọ́ sí Facebook pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ wà ní àlàáfíà nínú ilé náà. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́, apànìyàn náà ti wà nínú kíláàsì. Ọmọ 19 àti olùkọ́ 2 ni ó kú. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2024 fi hàn pé wọ́n tún sọ fún àwọn ẹbí kan pé bọ́ọ̀sì mìíràn ń bọ̀ tí ó kó àwọn ọmọ tí ó yè, nígbà tí kò sí bọ́ọ̀sì kankan mọ́. Fóònù kò wọ́n wọn níbẹ̀, iná kò wọ́n wọn, íntánẹ́ẹ̀tì kò wọ́n wọn. Owó kọ́ ni ó ń mú òtítọ́ wá.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ilẹ̀ Yorùbá jìnnà sí ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2017, àwọn ajínigbé kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kan ní Ìgbonlá, lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, ó sì lé ní ọgọ́ta ọjọ́ kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kìíní, ọdún 2024, wọ́n dá bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ kan lọ́nà ní Ẹmùrẹ́-Èkìtì, wọ́n sì kó àwọn ọmọ kéékèèké àti àwọn òṣìṣẹ́ lọ. Ewu kì í sì í ṣe ajínigbé nìkan. Iná wà, omíyalé wà, ilé tí ń dà wó wà, ìjàǹbá ọkọ̀ wà.

Kí ni ó dé tí ẹnu ilé ẹ̀kọ́ fi ń wúwo lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀? Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ń bẹ̀rù pé bí ọ̀rọ̀ bá jáde, àwọn òbí yóò kó ọmọ wọn lọ sí ibòmíràn. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ń bẹ̀rù ìwé ẹ̀sùn. Yóò ní àṣẹ kò tíì dé láti òkè. Àwọn kan tún ń rò pé àánú ni àwọn ń ṣe: bí àwọn bá sọ ọ́, ara òbí kò ní gbà á.

Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí ni ó sún mọ́ àṣà wa jù lọ, ó sì yẹ ní yíyẹ̀wò. Nílé Yorùbá, a kì í dédé túfọ̀. Àwọn àgbà ni a máa ń rán. Wọn yóò dé ní méjì mẹ́ta, wọn yóò ní kí ẹni náà jókòó, wọn yóò rí i pé ẹbí wà nítòsí, kí wọ́n tó la ẹnu. Wọ́n tilẹ̀ lè kọ́kọ́ ní ara onítọ̀hún kò yá. Ṣùgbọ́n kò sí àgbà tí ó ń lọ túfọ̀ tí yóò ní ẹni tí ó kú ti ń bọ̀ nílé. Àṣà náà ń kọ́ni bí a ṣe ń gbé òtítọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́; kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti fi irọ́ rọ́pò rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá fẹ́ tẹ̀lé àṣà yóò rán olùkọ́ àgbà méjì lọ sí ilé òbí tí ọmọ rẹ̀ kú tàbí tí ó fara pa gan-an. Kò ní fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i, kò sì ní jẹ́ kí ó gbọ́ ọ lórí rédíò.

Àwọn agbófinró náà ní àwíjàre tiwọn: àwọn ajínigbé ń gbọ́ ìròyìn, kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí a mọ̀ ni a ń sọ. Òótọ́ ni. Kò yẹ kí òbí béèrè ọ̀nà tí àwọn ọlọ́pàá gbà wọ igbó, tàbí ohun tí wọ́n ń bá àwọn ajínigbé sọ. Ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ tí kò sí níbi tí ó yẹ kí ó wà kì í ṣe àṣírí ogun lójú ìyá rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni pé kí a dákẹ́ lórí ohun tí ó lè pa ọmọ lára, ọ̀tọ̀ sì ni pé kí a sọ fún ìyá ọmọ pé kò sí nǹkan tí ó ṣe é.

Bí ilé ẹ̀kọ́ bá sì dákẹ́, ariwo ni yóò gba ipò rẹ̀. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹta, ọdún 2019, ilé alájà kan tí ilé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ dà wó ní Ìta Fájì, ní Erékùṣù Èkó. Ó kéré tán, ènìyàn 20 ni ó kú. Òbí tí ó gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu aládùúgbò kò mọ ibi tí yóò gbà. Ṣé abẹ́ àlàpà ni ọmọ wà ni, àbí ilé ìwòsàn? Ilé ìwòsàn wo nínú gbogbo èyí tí ó wà nítòsí? Ìdáhùn sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jáde. Nígbà tí ọmọ 35 kú nínú ìdìgbòlù níbi àríyá àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Baṣọ̀run, Ìbàdàn, ní ọjọ́ 18, oṣù Kejìlá, ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kéde orúkọ àwọn ilé ìwòsàn tí wọ́n kó àwọn ọmọ lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹni tí ó ń wá ọmọ lè mọ ibi tí yóò lọ. Kò jí òkú, ṣùgbọ́n ó fún òbí ní ibi tí ó lè dojú kọ.

Ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni rẹ́jísítà. Nígbà tí àwọn ajínigbé ya wọ Kuriga ní ìpínlẹ̀ Kaduna ní oṣù Kẹta, ọdún 2024, iye tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni 287. Nígbà tí àwọn ọmọ náà padà, ìjọba ní 137 ni wọ́n. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún tí iye méjèèjì fi yàtọ̀ síra, orúkọ ọmọ ènìyàn sì ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan dúró fún. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò bá lè sọ láàárín wákàtí kan iye ọmọ tí ó wá lówùúrọ̀ kò lè sọ iye tí ó kù lọ́sàn-án. Ẹ̀dà rẹ́jísítà náà sì gbọ́dọ̀ wà ní ibòmíràn, nítorí iná kì í bèèrè kí ó tó jó ìwé.

Ọ̀rọ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ yóò sọ kò sì nílò gígùn. Bí iná bá sọ, fún àpẹẹrẹ, èyí tó: “Ẹ̀yin òbí wa, ilé ẹ̀kọ́ ni ó ń bá yín sọ̀rọ̀. Iná sọ ní apá kan ilé ẹ̀kọ́ wa ní aago méjìlá ọ̀sán òní. A ti kó àwọn ọmọ jáde sí pápá, a sì ń pe orúkọ wọn lọ́wọ́lọ́wọ́. A kò tíì parí rẹ̀, nítorí náà a kò tíì lè sọ pé gbogbo wọn pé. Gbọ̀ngàn ìlú ni kí ẹ ti wá gba ọmọ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wá sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, kí ọkọ̀ panápaná lè ráyè kọjá. Ẹ ó tún gbọ́ láti ọ̀dọ̀ wa ní aago kan, bí ọ̀rọ̀ tuntun bá wà tàbí kò sí.” Ohun tí a mọ̀ wà níbẹ̀, ohun tí a kò tíì mọ̀ wà níbẹ̀, ohun tí òbí yóò ṣe wà níbẹ̀, àti ìgbà tí yóò tún gbọ́. Gbólóhùn tí ó ní “a kò tíì lè sọ” ni ó ṣòro jù fún ẹnu aláṣẹ láti sọ, òun náà sì ni yóò mú kí òbí gba ìyókù gbọ́.

Kí ó jẹ́ èdè tí ìyá ọmọ gbọ́ ni a ó fi sọ ọ́. Kì í ṣe gbogbo òbí ni ó wà lórí WhatsApp, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ó lè kàwé. Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2017, nígbà tí àwọn ọmọbìnrin Chibok 82 jáde, ojú Twitter ni iléeṣẹ́ ààrẹ gbé orúkọ wọn sí. Ìyá tí kò ní fóònù tí ó lè wọ íntánẹ́ẹ̀tì yóò máa dúró de ẹni tí yóò bá a kà á. Ìpè fóònù láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ kíláàsì, nọ́ńbà òbí méjì àti ti alábàágbé kan nínú ìwé, àti òbí kan ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan tí yóò fi ẹsẹ̀ rìn lọ sọ fún àwọn tó kù: kò sí èyí tí ó wọ́n nínú wọn.

Lẹ́yìn tí ariwo bá lọ sílẹ̀ ni gbèsè tí ó pẹ́ jù bẹ̀rẹ̀. Òbí fẹ́ mọ ohun tí ó fa ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ohun tí ilé ẹ̀kọ́ ti tún ṣe, àti bí a ó ṣe tọ́jú ọmọ tí ó ń ta gìrì lóru. Nígbà tí ọdún 2024 pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin Chibok lọ, ó lé ní 80 nínú wọn tí a kò tíì rí. Bí kò bá tilẹ̀ sí ọ̀rọ̀ tuntun, òbí wọn ní ẹ̀tọ́ sí ẹni tí yóò máa wá sọ fún wọn pé kò sí ọ̀rọ̀ tuntun, kí wọ́n má baà rò pé a ti gbàgbé.

Ìwé kò wọ́n ìjọba. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí ààbò ilé ẹ̀kọ́ ní ọdún 2015, ó sì ní ìlànà tirẹ̀ láti ọdún 2021. Ohun tí ó kù wà lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. Níbi ìpàdé tí ń bọ̀, kí àwọn òbí tó sọ̀rọ̀ owó ilé ẹ̀kọ́ àti aṣọ ìdárayá, ó yẹ kí wọ́n béèrè nǹkan mẹ́ta: ta ni yóò pè wá bí ewu bá dé, níbo ni a ó ti gba ọmọ wa, níbo sì ni ẹ̀dà rẹ́jísítà wà? Ilé ẹ̀kọ́ tí kò bá ní ìdáhùn ní ọjọ́ àlàáfíà kò ní rí i ní ọjọ́ ewu.