Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Oṣù Mẹ́fà IT Wa Kì Í Ṣe Fún Fọ́tòkọ́pì

Àsìkò tún ti tó tí àwọn ọmọ 300 level máa gba lẹ́tà IT, tí wọ́n á máa pín in kiri bí ẹni ń pín ìwé ìpè ìgbéyàwó. Lọ́dọọdún, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi wá: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ ẹnikẹ́ni ní iléeṣẹ́ epo?" Bí wọ́n bá béèrè ìyẹn tán, èkejì á tẹ̀ lé e: "Sìkọ́láṣíìpù wo ló wà níta báyìí?" Ẹni tó máa béèrè pé "Níbo ni mo ti lè rí iṣẹ́ kọ́?" kò wọ́pọ̀.

Àwa márùn-ún là ń kọ èyí. Mẹ́rin nínú wa wà ní 500 level. Ẹnì kan ti jáde, ó sì ti sin ìlú tán. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ kò gùn: àǹfààní tó tóbi jù lọ tí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní lórílẹ̀-èdè yìí kò sí ní Jámánì, kò sì sí ní iléeṣẹ́ epo. Oṣù mẹ́fà IT yìí ni. Gbogbo wa la ní i, yálà a mọ èèyàn ńlá tàbí a ò mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ń fi í ṣòfò.

Ó nídìí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀. Ọdún 1971 ni ìjọba dá ITF sílẹ̀. Nígbà tó di 1973, ITF bẹ̀rẹ̀ ètò SIWES, tí gbogbo wa ń pè ní IT. Ohun tí àwọn agbaniṣíṣẹ́ ń ráhùn lé lórí nígbà náà ni pé àwọn ọmọ tó ń jáde mọ ìwé, ṣùgbọ́n wọn ò tíì di irinṣẹ́ mú rí. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Ẹ lọ bi agbaniṣíṣẹ́ èyíkéyìí lónìí, ẹ máa gbọ́ ẹjọ́ kan náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ẹni tó ti jáde nínú wa ṣe IT tirẹ̀ ní iléeṣẹ́ ńlá kan ní Èkó. Àbúrò bàbá rẹ̀ ló bá a wá a. Orúkọ iléeṣẹ́ náà dùn lẹ́nu débi pé ìyá rẹ̀ jẹ́rìí ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n fún un ní káàdì tí wọ́n ń gbé kọ́rùn, wọ́n fi í sí ọ́fíìsì tó tutù nini, ó sì bẹ̀rẹ̀ fọ́tòkọ́pì. Ó ń ra oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọ̀gá, ó ń to fáìlì, ó ń bá wọn tẹ lẹ́tà. Ibi tí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́ gan-an, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló débẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà. Ìgbà kejì, wọ́n ní kó lọ pe ẹnì kan wá ni.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kó dá logbook padà, ó jókòó lálẹ́, ó fi bírò mẹ́ta kọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún, kó má bàa hàn pé alẹ́ ọjọ́ kan ló kọ ọ́. Inú logbook ẹlòmíràn ló ti ya àwọn àwòrán rẹ̀. Olùkọ́ tó wá wò ó ní iléeṣẹ́ kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ó gba A.

Gbèsè yẹn kò pẹ́ kó tó dé. Lẹ́yìn tó sin ìlú tán, iléeṣẹ́ kan pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ó ti kọ ọ́ sínú CV pé òun tún ẹ̀rọ pọ́ńpù ṣe nígbà IT. Ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó ní: "Ẹ sọ fún wa nípa pọ́ńpù kan tí ẹ tún ṣe. Kí ló ṣe é? Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ohun tó ṣe é nìyẹn?" Ọmọkùnrin wa bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó wà nínú ìwé: pọ́ńpù ni ẹ̀rọ tó ń báyìí báyìí. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní: "Àwa náà ti ka ìyẹn. Tiyín la bi yín." Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tún gbúròó wọn mọ́. Ó ní òun ò bínú sí ẹnikẹ́ni, nítorí òun fúnra òun lòun fi bírò mẹ́ta kọ irọ́ fún ara òun. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Òun gan-an ló ní ká kọ èyí síbí.

Ẹ wá gbọ́ ti ẹnì kejì. Obìnrin ni, ẹ̀ka iná mànàmáná ló wà. Ó mú lẹ́tà rẹ̀ kiri títí bàtà fi jẹ, ibi tí wọn ò sì ti sọ pé kò sí àyè, wọ́n ń sọ pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe tobìnrin. Níkẹyìn, iléeṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe omi inú ọ̀rá ní Ìbàdàn ló gbà á. Kò sí ẹ̀rọ amúlétutù, kò sí káàdì ọrùn. Àwa gan-an fi í ṣe yẹ̀yẹ́, a ní ó lọ ń ta píọ̀ wọ́tà.

Mọ́tò pọ́ńpù ibẹ̀ ti jó lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù díẹ̀ kó tó débẹ̀. Bó bá ti jó, ọ̀gá á gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń wé wáyà mọ́tò, á sanwó, á gbé e padà. Ìgbà tó jó ṣojú rẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn lọ. Bàbá tó ń wé wáyà náà tú u, ó ní: "Wá wo ibí yìí, ọmọ mi." Wáyà apá kan ti dúdú bí èédú, apá kan ṣì ń dán. Bàbá yẹn kò dé yunifásítì, ṣùgbọ́n ó ní: "Bó o bá ti rí i báyìí, phase kan ló ń sá lọ, tí mọ́tò ṣì ń fi èyí tó kù ṣiṣẹ́."

Ó padà dé, ó lọ ṣí àpótí iná. Overload relay tó yẹ kó dá mọ́tò dúró nígbà tí iná bá pọ̀ jù wà níbẹ̀. Ẹnì kan ti yí i lọ sí òpin, kó má bàa máa dá iṣẹ́ dúró. Ó ka iye amp tó wà lára mọ́tò, ó yí relay sí iye yẹn, ó sì ṣàlàyé fún ọ̀gá pé kó ra ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gé iná bí phase kan bá sọnù. Mọ́tò náà kò jó mọ́ títí tó fi kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ní 500 level. Bí a bá ti gba ìsinmi, ọ̀gá á pè é, á sì sanwó fún un. Ọ̀gá ọ̀hún ló tún júwe rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ní iléeṣẹ́ ní Ọ̀tà.

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: "Àwa ò dúró síbí o, a máa jápa." Ó dáa. A ò dá yín lẹ́kun, àwa náà ń ronú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́hùn-ún. Chevening ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè ìrírí iṣẹ́ ọdún méjì, ìyẹn 2,800 wákàtí. Wọ́n sì sọ ọ́ kedere pé iṣẹ́ tó jẹ́ dandan kéèyàn tó gba dìgírì kò sí lára rẹ̀. Ìyẹn ni pé IT fúnra rẹ̀ kò kún un. Ètò EPOS ti DAAD, ti Jámánì, ń fẹ́ iṣẹ́ ọdún méjì, ó kéré tán, lẹ́yìn dìgírì, wọn kì í sì í sábà fẹ́ kí dìgírì náà lé ní ọdún mẹ́fà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe ìṣirò yẹn pẹ̀lú wa. Ọdún mẹ́fà lẹ ní. Ẹ yọ ọdún kan fún NYSC, ẹ yọ méjì fún ìrírí iṣẹ́. Ọdún mẹ́ta ló kù. Ẹni tó bá fi ọdún mẹ́ta wáṣẹ́ kó tó rí i, ilẹ̀kùn ti ń pa dé mọ́ ọn lójú. Ẹni tí iléeṣẹ́ IT rẹ̀ pè padà lọ́jọ́ tó jáde, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí tirẹ̀.

Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba ní Jámánì kì í gba owó ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ti ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg ń gba 1,500 euro ní sáà kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Yúróòpù. Ẹni tí kò sì ní sìkọ́láṣíìpù tàbí onígbọ̀wọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé owó tó lé ní 11,000 euro wà nílẹ̀ fún ọdún kan kí wọ́n tó fún un ní físà. Mélòó nínú wa ni òbí rẹ̀ lè mú ìyẹn wá? Ní Amẹ́ríkà, owó ìwádìí ọ̀jọ̀gbọ́n ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ PhD fi ń kàwé. Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn ń gba lẹ́tà púpọ̀ lọ́dọọdún tó ń sọ pé "mo jẹ́ òṣìṣẹ́ takuntakun." Èyí tó sọ bí mọ́tò ṣe jó àti ìdí tó fi jó, ìyẹn ló máa kà dópin. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹni tó bá sì fẹ́ dúró sílé náà kò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ tí a bá gba dìgírì la di ẹnjiníà lójú òfin. COREN ló ń forúkọ ẹni sílẹ̀. Lẹ́yìn dìgírì, wọ́n ń béèrè ìrírí ọdún mẹ́rin, wọ́n sì máa jókòó bi ẹni léèrè iṣẹ́ tí ọwọ́ ẹni ti ṣe. Kò sí irọ́ logbook tó lè ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀.

A ò ní purọ́ pé ọwọ́ gbogbo wa dọ́gba. Owó ọkọ̀ ti wọ́n, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kì í sì í san kọ́bọ̀ fún ọmọ IT. Ẹlòmíràn kò lè gbalé l'Ékòó. Ìdí gan-an nìyẹn tí a fi ń sọ pé ká wo itòsí ilé wa. Àwọn tó ń fi sólà àti inverter sílé onílé, àwọn tó ń wé wáyà mọ́tò, àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké ní Olúyọ̀lé, ní Ṣàgámù, ní Agbára, iṣẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ wọn. Kẹ́ ẹ ṣáà rí i dájú pé ẹ̀ka yín máa fọwọ́ sí ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbà. A ò sì sọ pé iléeṣẹ́ ńlá burú. Ọ̀kan nínú wa lọ síbi tó tóbi, òṣìṣẹ́ àgbà kan fà á mọ́ra, ó sì kọ́ ọ níṣẹ́ dáadáa. Kì í ṣe orúkọ ara ògiri ló kọ́ ọ, èèyàn ló kọ́ ọ. Bó bá sì jẹ́ fọ́tòkọ́pì ni wọ́n fi yín sí, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ ṣe é tán kíákíá, kẹ́ ẹ wá bẹ ọ̀gá kó jẹ́ kẹ́ ẹ lọ jókòó ti àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ì báà jẹ́ wákàtí méjì lóòjọ́.

Kẹ́ ẹ tó fi lẹ́tà yín sílẹ̀ níbikíbi, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta. Ta ni mo máa máa tẹ̀ lé? Ẹ̀rọ wo ni wọ́n máa jẹ́ kí n fọwọ́ kàn? Kí ló sábà máa ń bàjẹ́ níbí? Bí wọn ò bá rí ìdáhùn fún méjì nínú ẹ̀, ẹ kí wọn, kẹ́ ẹ máa lọ. Bẹ́ ẹ bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ẹ kọ ohun kan tó bàjẹ́ lọ́sẹ̀ náà, ohun tó fà á, ohun tí wọ́n ṣe sí i, àti ohun tí kò yé yín. Ìyẹn ni logbook.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, a bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tí a máa kọ ibi tí a ti ṣe IT sí, àti ohun tí a kọ́ níbẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa máa fi ojú fọ́ọ wá a lọ́dọọdún. Bí ẹ bá sì wá wò wá, ẹ ní ká fi ẹ̀rọ kan hàn yín, ká sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún ìyẹn.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, a mọrírì ọ̀rọ̀ ìṣírí tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí wa. Ṣùgbọ́n àyè ẹnì kan lọ́dún níbi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ sàn fún wa ju ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ ìṣírí lọ. Ẹ má wulẹ̀ wá ọmọ tí máàkì rẹ̀ ga jù. Ẹ mú èyí tó bá béèrè ohun tó ń bàjẹ́ níbẹ̀.

Obìnrin inú wa yẹn ṣì ń lọ sí iléeṣẹ́ olómi ní gbogbo ìsinmi. Àwa tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ti ń bẹ̀ ẹ́ báyìí pé kó bá wa wá àyè lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ní Ọ̀tà.