Ọmọ Mélòó Ló Wọ Ọkọ̀?

Aago mẹ́rin ìdájí ni a péjọ síwájú ilé-ìwé wa ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Òtútù ń ge ni létí, bọ́ọ̀sì ńlá kan tanná sílẹ̀ dè wá. Ọmọ 40, àgbà 5, èmi náà wà lára àwọn àgbà. A ka àwọn ọmọ náà kí wọ́n tó wọlé. Wọ́n jókòó tán, a tún kà wọ́n. A dé Dover, a kà wọ́n. A wọ ọkọ̀ ojú omi, a kà wọ́n. A gúnlẹ̀ sí Calais, a tún bẹ̀rẹ̀ láti ení, èjì. Àwọn òkè Alps ní ilẹ̀ Faransé ni à ń lọ, níbi tí àwọn ọmọ náà fẹ́ lọ kọ́ síkì, ìyẹn ni pé kí ènìyàn de pátákó gígùn méjì mọ́ ẹsẹ̀, kó sì máa yọ̀ lórí yìnyín láti orí òkè wá sísàlẹ̀. Kí a tó dé ibẹ̀, mo ti ka orí ọmọ ọlọ́mọ ju bí mo ti kà á rí láyé mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá na ìka sí wọn, ohùn ìyá mi ni mò ń gbọ́ láti Sàngó Ọ̀tà: "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà níbẹ̀ mọ̀ pé èèwọ̀ gidi ni. Bí o bá bi ìyá ọlọ́mọ léèrè iye ọmọ rẹ̀, yóò ní, "A dúpẹ́, Ọlọ́run ń wò wọ́n." Kò ní dá iye kankan fún ọ. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ìyá tó bí méje tó sin mẹ́ta kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìka ka àwọn tó kù. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ tí wọ́n ṣe láti fi tu ìyá lára nínú ilé ti bá wa wọ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, kò sì sí ohun tó ń wá níbẹ̀.

Mo wà ní pírámárì 5 nígbà tí wọ́n kó wa lọ ẹkisikọ́ṣàn sí ilé-iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Ilé-iṣẹ́ ló yí wa ká ní Ọ̀tà: ti ọtí, ti oògùn, ti irin, ti ike, ti oúnjẹ inú ọ̀rá. Tírélà ni a fi ń sùn, òun náà ni a fi ń jí. Síbẹ̀, a kò tíì wọ inú ọ̀kankan rí, nítorí náà ọjọ́ ọdún ni ọjọ́ yẹn jẹ́ fún wa. A lé ní 60, tíṣà méjì ló tẹ̀ lé wa, mọ́lúè kan ṣoṣo ni wọ́n háyà. A rí ẹ̀rọ, wọ́n fún wa ní bisikíìtì, a kọrin padà wálé.

Nígbà tí a dé ilé-ìwé, ìyá ọmọkùnrin tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà ti ń dúró lẹ́nu géètì. Gbogbo wa bọ́ sílẹ̀ tán, ọmọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ ibi tí a ti rí i kẹ́yìn.

Ọmọ náà lọ sí ilé ìyàgbẹ́ ní ilé-iṣẹ́ yẹn, kó tó jáde, mọ́lúè ti lọ. Mẹ́gáàdì ló rí i níbi tó ti ń sunkún. Ó ra búrẹ́dì fún un, ó dúró títí ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fi dé, ó wá gbé e sórí ọ̀kadà wá sí ìkóríta Sàngó. Ìgbà yẹn, wọn kò tíì kọ́ afárá síbẹ̀. Kò mọ ilé-ìwé ọmọ náà, àwọn obìnrin tó ń ta ọjà lẹ́bàá títì ló bi léèrè. Ọ̀kan nínú wọn mọ aṣọ ilé-ìwé wa, ó fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnìkejì rẹ̀, ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, ó sá kọjá láàárín àwọn tírélà pẹ̀lú rẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí wọ́n dé. Ìyá rẹ̀ sunkún títí, ó wá bi tíṣà wa pé, "Ṣé ẹ kò kà wọ́n ni?" Tíṣà ní, "Ìyá wa, ẹ ṣàánú, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ." Gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀ mi orí. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń gbé inú mi. Tíṣà kò kà wá. Àwọn tí kò bí ọmọ náà, tí wọn kò gba owó lórí rẹ̀, ni wọ́n mú un délé.

Lórí òkè síkì, àwọn olùkọ́ Faransé ló ń kọ́ àwọn ọmọ, wọ́n pín wọn sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, wọ́n dé akoto fún wọn, wọ́n fi ọ̀nà hàn wọ́n gẹ́gẹ́ bí agbára wọn ṣe mọ: ọ̀nà tí wọ́n fi àwọ̀ ewé sàmì sí ni ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, tẹ̀ lé e ni aláwọ̀ búlúù, pupa, títí dé dúdú tí ó le jù lọ. Àmọ́ bí olùkọ́ síkì bá gba ọmọ lọ́wọ́ wa láàárọ̀, ọwọ́ wa ló tún ń dá a padà sí. Àgbà kọ̀ọ̀kan ní ọmọ 8 tirẹ̀. Mo mọ orúkọ àwọn 8 mi, mo mọ èyí tó ń lo oògùn ikọ́ fée, èyí tí ẹ̀pà lè pa, èyí tó máa ń sọ ìbọ̀wọ́ nù. Pásípọ́ọ̀tù wọn wà lọ́dọ̀ wa. Lóru, a ń gba ara wa lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì títí ẹni ìkẹyìn fi sùn. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí ìjọba Ìlú Ọba gbé jáde ní 1998 dábàá àgbà kan fún ọmọ 6 tí wọ́n bá kéré gan-an, ó sì ní kí ó jẹ́ ó kéré tán àgbà kan fún ọmọ 10 bí ìrìn náà bá jẹ́ ti òkè òkun. Lónìí, ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ni yóò wo ọjọ́ orí ọmọ àti ewu ibi tí wọ́n ń lọ kó tó dá iye àgbà.

Kì í ṣe pé òyìnbó fẹ́ràn ọmọ jù wá lọ. Ikú ló kọ́ wọn. Ní oṣù kẹrin 1936, olùkọ́ kan kó ọmọkùnrin 27 láti Strand School, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù níhìn-ín, lọ sórí àwọn òkè Black Forest ní Jámánì. Òun nìkan ni àgbà tó wà pẹ̀lú wọn. Yìnyín ń já bọ́, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà lára àwọn ọmọ náà, àwọn ará ibẹ̀ kìlọ̀ fún un, ó sì ń gòkè lọ. Ọmọ 5 ló kú. Àwọn ará abúlé Hofsgrund ló jáde sínú òtútù lálẹ́ tí wọ́n gbé àwọn tó kù wọlé. Bí mo bá ti rántí àwọn ará abúlé yẹn, obìnrin ọlọ́jà Sàngó ni mo máa ń rí. Ní 1993, akẹ́kọ̀ọ́ 4 láti Plymouth kú ní Lyme Bay níbi tí wọ́n ti ń wa ọkọ̀ kékeré lójú òkun, ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni òfin dé ní Ìlú Ọba pé ẹni tó bá fẹ́ máa gbowó kó ọmọdé lọ sórí omi tàbí orí òkè gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ìwé nìkan kò tó náà. Ní oṣù kìíní 2016, ní Les Deux Alpes ní ilẹ̀ Faransé, olùkọ́ kan kó àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ láti Lyon gba ojú ọ̀nà síkì tí wọ́n ti tì pa. Òkìtì yìnyín ya lù wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ 2 kú, pẹ̀lú arìnrìn-àjò kan láti Ukraine.

Ọjọ́ kẹta tí a débẹ̀ ni ọmọbìnrin kan nínú àwọn 8 mi, ọmọ Yorùbá, kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. "Àǹtí, egungun ń dùn mí." Mo yẹ fọ́ọ̀mù rẹ̀ wò. Níbi tí wọ́n ti bèèrè àìsàn, ìyá rẹ̀ kọ ọ́ pé kò sí. Mo fi fóònù pè é. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá fi ohùn kékeré sọ fún mi pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, fòníkú-fọ̀ladìde ni. Mi ò fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ ni." Òtútù àti afẹ́fẹ́ orí òkè, tí kò ní ọ́síjìn tó, wà lára ohun tó máa ń ta àìsàn náà jí. Ká ní mo mọ̀ ni, n kò ní jẹ́ kó gòkè dé ibi tó dé. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ìsàlẹ̀ àfonífojì, mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́. Ara rẹ̀ yá, mo dúpẹ́.

N kò lè bínú sí ìyá náà. Ohun tó mú un kọ "kò sí" ni ohun tó mú kí ìyá mi máa sọ pé a kì í ka ọmọ. À ń fi ọmọ wa pamọ́ kí ibi má baà rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fi ọmọ sí lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ rí i, kó sì mọ ohun tó ń ṣe é.

Ohun kan wà tí ilé fi ju ibí lọ, ó sì ń dùn mí. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ọmọ wa kan ṣìnà nítòsí ibi tí a ti ń wọ ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn gòkè. Ó dúró, ó ń sunkún, àwọn àgbà ń kọjá lára rẹ̀. Mo rò pé ẹ̀rù ń bà wọ́n láti fọwọ́ kan ọmọ tí wọn kò mọ̀. Iye tí a ń kà ló jẹ́ kí a tètè mọ̀ pé ó kù ẹnì kan. Ní Sàngó, ọmọ kò ní sunkún lẹ́bàá títì kí ìyá kan má bi í pé, "Ta ló ni ọ́?"

Àmọ́ Sàngó ìgbà yẹn kọ́ ni ti òní. Ọkọ̀ ti pọ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ aládùúgbò wọn mọ́. Ní oṣù kìíní 2024, àwọn ajínigbé dá bọ́ọ̀sì ilé-ìwé dúró ní Èkìtì, wọ́n kó àwọn ọmọ àti olùkọ́ wọn lọ, wọ́n sì pa awakọ̀ wọn kí wọ́n tó tú àwọn yòókù sílẹ̀. Àwọn ilé-ìwé aládàáni wa náà ti ń kó ọmọ lọ sí òkè òkun. Ní oṣù kẹta 2022, ilé-ìwé kan láti Èkó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ìdíje eré ìdárayá ní Dubai. Ohun tí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ sí ọmọdé ṣẹlẹ̀ nínú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, nígbà tó di oṣù kẹrin, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti àwọn ẹ̀ka ilé-ìwé náà pa fún ìgbà díẹ̀. Èmi tí mo ti jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì lóru, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: àgbà wo ló jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tiwọn?

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí ní Ọ̀tà, ní Ìyànà Ìyèsí, ní Ìjókò àti ní Agbára, bí wọ́n bá mú ìwé ẹkisikọ́ṣàn wálé ní sáà yìí, ìbáà jẹ́ Òkè Olúmọ tàbí Dubai ni wọ́n ń lọ, ẹ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹ bèèrè iye ọmọ tó ń lọ àti iye àgbà. Ẹ ní kí wọ́n fi olùkọ́ tí orúkọ ọmọ yín wà lọ́wọ́ rẹ̀ hàn yín lójúkojú, kí ẹ sọ gbogbo ohun tó ń ṣe ọmọ náà fún un láìfi ọ̀kankan pamọ́. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin tí ẹ bí i ló ní kí wọ́n kà á. Bí wọn kò bá sì lè dáhùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọmọ yín padà sílé.